Kí Ló Kan Ibí Yìí? Bí Mo Ṣe Ń Mú Kí Àwòṣe Ọkọ̀ Ìgúnlẹ̀ Ogun Jọ Ojúlówó

Oríṣi méjì ni àwòṣe ọkọ̀ ìgúnlẹ̀ (ẹ̀dà kékeré ti ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé ọmọ ogun gúnlẹ̀ sí etíkun) tí mo sábà máa ń rí. Ti àkọ́kọ́ mọ́ tónítóní: ọ̀dà rẹ̀ ń dán, nọ́ńbà funfun ara rẹ̀ gún régé, gọ́ọ̀mù kò yọ síta níbì kankan, ṣùgbọ́n ó hàn gbangba pé ọkọ̀ náà kò gbé ẹnì kankan rí. Ti èkejì ni èyí tí ẹni tó ṣe é ti da àwọ̀ ìdógùn-ún lé lórí láti iwájú dé ìdí, tó wá ní ojú ogun ló ti dé. Èkejì yìí ló ń dùn mí jù. Làálàá tó wà nínú rẹ̀ pọ̀, òótọ́ ibẹ̀ ò sì tó nǹkan.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń darí ọwọ́ mi: kí ló kan ibí yìí? Ṣé bàtà ni? Ṣé okùn ni? Àbí iyanrìn, àbí omi iyọ̀, àbí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ńlá tó gbé e wá? Tí mo bá rí ìdáhùn, mo ti mọ irú àpá tó yẹ kó wà níbẹ̀ àti bó ṣe yẹ kó tóbi tó. Tí n kò bá rí i, mo gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ kí n lọ síbòmíràn.

LCVP ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ, ìyẹn ọkọ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí Higgins boat. Andrew Higgins ló gbé e jáde ní New Orleans, wọ́n sì kan ohun tó lé ní 20,000 nínú rẹ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ó kéré, òkè rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, kò sì sí ibi tí iṣẹ́ tí kò dára lè fara pamọ́ sí. Ojúlówó rẹ̀ gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 36 àti íǹṣì 3, nǹkan bíi mítà 11; ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 3.3. Ní ìwọ̀n 1/35, ìyẹn tí ojúlówó bá fi ìlọ́po 35 gùn ju àwòṣe, ó máa gùn tó sẹ̀ǹtímítà 31 àti ààbọ̀ lórí tábìlì yín. Ní 1/72, sẹ̀ǹtímítà 15 ni, ó lé díẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ bá ìwọ̀n méjèèjì mu, àmọ́ 1/35 ni mo máa ń ní lọ́kàn.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tó jẹ́ igi àti ibi tó jẹ́ irin

Pákó ni ara LCVP. Plywood ni wọ́n kàn mọ́ egungun igi oak, ìtì igi páínì kan sì wà ní iwájú, nísàlẹ̀, tó ń gba ìkọlù nígbà tí ọkọ̀ bá forí sọ iyanrìn tàbí tó bá gun orí igi tó léfòó. Irin ni ilẹ̀kùn iwájú. Irin náà ni àwọn awo ààbò tí ẹ bá rí ní ẹ̀gbẹ́, pẹ̀lú ìbọn, ìdè ilẹ̀kùn, àti àwọn ìkọ́ tí wọ́n ń so okùn mọ́. Gbogbo ìyókù, igi ni. Pákó kì í dógùn-ún! Tí ọ̀dà bá bó lára pákó, igi funfun ló máa yọ, tàbí igi tí oòrùn àti omi iyọ̀ ti sọ di eléérú. Etí rẹ̀ á fọ́ wẹ́wẹ́, á ya bí ẹ̀gún. Kò ní pọ́n.

Ọ̀rọ̀ yìí yàtọ̀ tó bá jẹ́ ọkọ̀ mìíràn lẹ ń ṣe. LCM(3), tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 50, tó sì lè gbé tánkì Sherman kan, irin ni látòkè délẹ̀. LCA ti àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, pákó mahogany ni, wọ́n wá fi awo irin bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. LCT, ọkọ̀ tó tóbi jù wọ́n lọ tó ń gbé tánkì, irin. Nítorí náà, ẹ má ṣe mú ọ̀nà tí ẹ gbà kun ọ̀kan lọ sórí èkejì.

Kí n tó ṣí gọ́ọ̀mù, mo máa ń mú ìwé ìtọ́sọ́nà tó wà nínú páálí tí ilé iṣẹ́ kó àwọn ègé ike àwòṣe sí, màá fi pẹ́ńsù àwọ̀ ilẹ̀ kun gbogbo ibi tó jẹ́ igi, màá sì fi pẹ́ńsù aláwọ̀ búlúù kun ibi tó jẹ́ irin. Ìwé yẹn á wà lára ògiri níwájú mi títí iṣẹ́ á fi parí. Ó dà bí eré ọmọdé lójú àwọn kan. Àmọ́ tí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí ojú ti ń rẹni, tí ọwọ́ sì ń yún láti fi àwọ̀ pupa kan ibi tí kò kàn án, ìwé yẹn ló máa dá mi dúró.

Ní ti fọ́tò, èyí tí mo ń wò jù ni èyí tí Robert F. Sargent ti ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ etíkun Amẹ́ríkà yà ní ọjọ́ 6 oṣù June, 1944, láti inú LCVP tó ti ara ọkọ̀ USS Samuel Chase wá sí etíkun Omaha ní Normandy, nílẹ̀ Faransé. Àwọn ọmọ ogun tó ń wọ́ inú omi lọ ni gbogbo ayé ń wò níbẹ̀. Èmi, ilẹ̀ ọkọ̀ ni mò ń wò: bó ṣe tutù, bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń tàn lára omi tó wà lórí rẹ̀, bí ilẹ̀kùn ṣe dúbúlẹ̀. Àwọn ojúlówó tó ṣẹ́ kù náà wúlò. LCT 7074 wà ní Southsea ní ìlú Portsmouth, LST-325, ọkọ̀ ńlá tó ń gbé tánkì gúnlẹ̀, wà ní Evansville ní ìpínlẹ̀ Indiana, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Ogun Àgbáyé Kejì ní New Orleans sì ní LCVP, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀dà tí wọ́n kàn lẹ́yìn ogun ni. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé wọ́n ti tún gbogbo wọn kùn. Ẹ lò wọ́n láti mọ bí ìdè ṣe rí àti ibi tí wáyà gbà kọjá. Ní ti ìdọ̀tí, fọ́tò ìgbà ogun ni kí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé.

Etí tó nípọn ló ń tú àṣírí

Ike inú páálí nípọn jù. Kò sí bí ilé iṣẹ́ ṣe lè yẹra fún un, nítorí ike tín-ín-rín kì í ṣàn dé gbogbo inú ohun tí wọ́n ń dà á sí. Ẹ wo ìṣirò yìí: irin ààbò LCVP nípọn tó ìdá kan nínú mẹ́rin íǹṣì, ìyẹn mìlímítà 6 àti díẹ̀. Ní 1/35, ó yẹ kí ó jẹ́ mìlímítà 0.18, bíi bébà líle kan. Ike tó nípọn ní mìlímítà 1, tí ẹ bá sọ ọ́ di nǹkan gidi, mìlímítà 35 ni. Ní 1/72, ó di 72. Irin tó nípọn tó bẹ́ẹ̀ á ri ọkọ̀ náà.

Ọ̀nà méjì ni mo ń gbà yanjú rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ má fọwọ́ kan gbogbo awo náà rárá, etí rẹ̀ nìkan ni kí ẹ fá. Ẹ di abẹ mú kí ó dàgẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa fá ẹ̀yìn etí awo náà, ní ìhà tí ojú kì í tètè dé, títí tí etí tó kọjú síta á fi tín-ín-rín. Ẹ fi sáńpépà tó kúnná jù parí rẹ̀. Ojú èèyàn kì í wọn àárín awo. Etí ló ń wò. Ọ̀nà kejì ni kí ẹ gé awo náà dànù, kí ẹ fi ike pẹlẹbẹ mìlímítà 0.25 tàbí awo bàbà tín-ín-rín rọ́pò rẹ̀. Bàbà ni mo máa ń yàn fún ibi tí mo bá fẹ́ kó tẹ̀ díẹ̀, nítorí pé awo ààbò tó ti fara gbá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ńlá léraléra kì í gún mọ́. Ìtẹ̀ kékeré kan tó. Tó bá ti di mẹ́ta, ó ti di ìjàm̀bá mọ́tò.

Níbi tó jẹ́ pákó, ẹ má fá a tín-ín-rín jù. Orí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ nípọn lóòótọ́ nítorí igi ló wà níbẹ̀, ibẹ̀ sì ni gbogbo ìyà ti ń jẹ ẹ́. Àwọn ọmọ ogun ń gba orí àwọ̀n okùn sọ̀ kalẹ̀ láti ara ọkọ̀ ńlá wá sínú LCVP, bàtà wọn á gbá orí ẹ̀gbẹ́ yẹn, ìdí ìbọn á ha á, ìgbì á sì máa gbé ọkọ̀ kékeré náà lu ti ńlá. Ẹ fi orí abẹ gbẹ́ ihò kéékèèké síbẹ̀ láìtẹ̀lé ìlà kan, kí wọ́n pọ̀ ní àárín ju ìpẹ̀kun lọ.

Ilẹ̀kùn iwájú

Tí ẹ bá ní wákàtí mẹ́wàá fún iṣẹ́ yìí, ẹ lo mẹ́rin níbí. Gbogbo ẹni tó bá wo àwòṣe ọkọ̀ ìgúnlẹ̀, ilẹ̀kùn yìí ni wọ́n ń kọ́kọ́ wò, ibẹ̀ náà sì ni òfin bí nǹkan ṣe wúwo ti máa ń ṣẹ́gun ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́.

Wáyà tó ń fa ilẹ̀kùn sókè máa ń le gbandi nígbà tí ilẹ̀kùn bá wà ní títì. Nígbà tí ilẹ̀kùn bá ti sùn sórí iyanrìn, wáyà yẹn á dẹ̀, á sì sọ̀ kalẹ̀ ní àárín. Òwú ìránṣọ kò lè ṣe èyí. Ní ìwọ̀n kékeré báyìí, òwú kò wúwo tó láti sọ̀ fúnra rẹ̀. Á dúró gan-an bí igi, tàbí kí ó ká lọ́nà tí irin kì í gbà ká. Wáyà bàbà ni kí ẹ lò. Ẹ yọ okùn bàbà tín-ín-rín méjì láti inú wáyà iná mànàmáná tí ẹ kò lò mọ́, ẹ so orí wọn kan mọ́ ìṣó, ẹ ki èkejì sẹ́nu ẹ̀rọ ìlu, kí ẹ jẹ́ kó yí wọn pọ̀ pẹ̀lẹ́. Ohun tí ẹ máa rí jọ wáyà ìfà gidi nítorí pé ó ní ìlọ́po. Ẹ gbé e kọjá lórí iná àbẹ́là kí ó lè rọ̀, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ wá fi ìka tẹ àárín rẹ̀ kí ó sọ̀ bó ṣe yẹ. Wáyà méjèèjì, ti ọ̀tún àti ti òsì, kò gbọ́dọ̀ sọ̀ bákan náà gẹ́lẹ́ tí iyanrìn abẹ́ ilẹ̀kùn kò bá tẹ́jú. Mo máa ń jẹ́ kí ilẹ̀kùn fì sí ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀, kí wáyà ìhà kan sì dẹ̀ ju èkejì lọ.

Ní inú ilẹ̀kùn, àwọn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ wà tó ń jẹ́ kí bàtà àti táyà dì í mú. Orí àwọn ọ̀pá yìí máa ń dán nítorí ìtẹ̀mọ́lẹ̀, àárín wọn á sì kún fún iyanrìn. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe é lódìkejì: wọ́n á kun orí rẹ̀ ní àwọ̀ ìdógùn-ún, wọ́n á fi àárín sílẹ̀ ní mímọ́. Ẹ tún bi ara yín léèrè ohun tó gba ibẹ̀ kọjá. Tó bá jẹ́ ọmọ ogun, àárín ilẹ̀kùn ló máa gbó jù, gbígbó náà á sì tàn kálẹ̀ láìní ìlà. Tó bá jẹ́ jíìpù, ojú ọ̀nà méjì ló máa wà. Àlàfo àárín táyà òsì àti ti ọ̀tún jíìpù ìgbà ogun jẹ́ íǹṣì 49, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3.5 ní 1/35. Ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí i, kí ẹ tó fi ẹ̀kúnná òjé pẹ́ńsù pa orí àwọn ọ̀pá náà níbi tí táyà gbà. Òjé pẹ́ńsù ń dán bí irin tí wọ́n ń tẹ̀ lójoojúmọ́. Kò sí ọ̀dà fàdákà tó ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ìdógùn-ún wà fún ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, níbi tó ń gbá iyanrìn, àti fún ìdè rẹ̀. Kí ó jẹ́ àwọ̀ ọsàn tó tàn níbi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bó, kí ó ṣú níbi tó ti pẹ́. Irin tí omi iyọ̀ kàn máa ń yára yí padà, ìyẹn ló fi jẹ́ pé àwọ̀ ọsàn yẹn tọ́ sórí ọkọ̀ tí kò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́.

Inú ọkọ̀

Ẹ fi ìbọn ṣáájú, kí ẹ mú un kúrò lọ́nà. LCVP ní ìbọn arọ̀jò-ọta Browning .30 méjì ní ẹ̀yìn, nínú àwọn ihò róbótó tí ẹni tó ń yìn ín ń dúró sí. Ẹ fi irin ìlu mìlímítà 0.3 lu ẹnu wọn. Tí ihò ara agolo tó bo ọ̀pá ìbọn kò bá hàn dáadáa, ẹ ra ìbọn tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ lọ́tọ̀; kò yẹ kí ẹ fi ojú yín ṣòfò níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni okùn. Okùn ló ń fi hàn bóyá ẹni tó ṣe àwòṣe mọ ọkọ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀: okùn tó nípọn ní mìlímítà 25 gbọ́dọ̀ jẹ́ mìlímítà 0.7 ní 1/35, àti ìdajì ìyẹn ní 1/72. Ẹ fi òwú náà wọ́ inú ìda oyin, kí ẹ sì gbé e kọjá lórí iná lẹ́ẹ̀kan kí irun ara rẹ̀ lè jóná. Òwú tó ní irun kò lè jọ okùn láéláé. Níbi tí wọ́n bá ká a sí, ẹ jẹ́ kí ó yí láti òsì sí ọ̀tún, bí ọwọ́ aago ṣe ń lọ, nítorí bẹ́ẹ̀ ni àwọn atukọ̀ ṣe ń ká okùn tó lọ́ sí ọ̀tún, tí í ṣe irú èyí tó wọ́pọ̀ jù. Kò sẹ́ni tó máa kíyè sí i àfi atukọ̀, atukọ̀ kan ṣoṣo tó bá sì kíyè sí i tó mi láyọ̀. Okùn gbígbẹ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, okùn tútù ṣú. Ẹ da méjèèjì pọ̀ lára okùn kan náà: apá tó wà lórí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ gbẹ, ìdí rẹ̀ tó wà nínú omi ilẹ̀ ọkọ̀ tutù.

Atukọ̀ ń dúró ní ẹ̀yìn, lọ́wọ́ òsì. Ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbó ju ibòmíràn lọ, nítorí òun kì í kúrò níbẹ̀. Sítíárìn náà á gbó ní òkè, níbi tí ọwọ́ ń wà. Mo máa ń fi garawa kan, ọ̀pá oníkọ̀ọ́, agolo pípa iná àti ẹ̀wù ìléfòó kan tí wọ́n jù sílẹ̀ há sí àyíká ibẹ̀. Ẹ̀wù ìléfòó yẹn, ẹ fi tíṣù tí ẹ rẹ sínú gọ́ọ̀mù funfun tó ṣàn ṣe é, ẹ fi orí abẹ́rẹ́ tẹ ìlà ìránṣọ sí i kí ó tó gbẹ. Òjé pẹlẹbẹ tó rọ̀ ni mo ń lò fún okùn ìdè rẹ̀.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ràn láti fi sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Normandy: àwọn àpò bébà kéékèèké. Wọ́n fún àwọn ọmọ ogun ní àpò láti bì sí, nítorí ìgbì òkun ọjọ́ náà le, ikùn ọ̀pọ̀ wọn kò sì gbà á. Àpò bébà méjì tó ti rọ, tó tutù, tó lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀, ń sọ ju ìbọn mẹ́wàá lọ.

Ọ̀dà, láti ìsàlẹ̀ wá sókè

Àwọ̀ eérú ni ọ̀pọ̀ LCVP tó lọ sí Normandy. Nígbà tí ogun Pacific ń lọ, wọ́n kun àwọn kan ní àwọ̀ ewé. Èyíówù kí ẹ mú, ẹ fi funfun díẹ̀ là á ju bó ṣe wà nínú ìgò lọ, torí àwọ̀ máa ń ṣú lójú tí nǹkan bá kéré.

Ohun tó ṣe pàtàkì ni ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀dà ìpìlẹ̀, mo máa ń padà sí ìwé tí mo lẹ̀ mọ́ ògiri. Gbogbo ibi tó jẹ́ pákó, mo kun wọ́n ní àwọ̀ igi tó là, mo sì fi àwọ̀ ilẹ̀ fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ sí i bí ìṣàn inú igi. Gbogbo ibi tó jẹ́ irin, àwọ̀ ilẹ̀ tó ṣú. Tí ó bá gbẹ, mo fọ́n hairspray, èyí tí wọ́n ń fọ́n sí irun orí, sí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo jẹ́ kó gbẹ, mo wá fi airbrush, ẹ̀rọ tó ń fi afẹ́fẹ́ fọ́n ọ̀dà, kun àwọ̀ eérú lé e. Láàárín wákàtí kan, kí ọ̀dà tó le jù, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì líle tí ẹ rẹ sínú omi máa fọwọ́ ra ibi tó yẹ kó bó. Hairspray abẹ́ rẹ̀ á yọ́, ọ̀dà á sì ṣí. Lára ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, igi á yọ. Lára ilẹ̀kùn, irin á yọ. Gbogbo rẹ̀ á tọ́ láìjẹ́ pé ẹ tún ń ronú. Ọ̀dà akírílíìkì nìkan ló dára fún àwọ̀ òkè yìí, torí omi kò ní lè ṣí ọ̀dà olóròóró.

Díẹ̀díẹ̀ leku ń jawọ. Ẹ ra á, kí ẹ dúró, kí ẹ gbé ọkọ̀ náà jìnnà, kí ẹ wò ó, kí ẹ tó tún fọwọ́ kàn án. Ọ̀dà tó bá ti bó kì í padà.

Nọ́ńbà ọkọ̀ lẹ́yìn èyí. LCVP kì í dá dúró. Ọmọ ọkọ̀ ńlá kan ni. Wọ́n máa ń kọ PA (àmì irú ọkọ̀ ńlá tó ń kó ọmọ ogun), nọ́ńbà ọkọ̀ ńlá náà, àti nọ́ńbà tirẹ̀ sí i lára ní funfun. Nọ́ńbà ọkọ̀ ńlá Samuel Chase ni APA-26, nítorí náà PA 26 ló máa bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà àwọn ọmọ rẹ̀. Kí ẹ tó lẹ nọ́ńbà èyíkéyìí mọ́ ọn, ẹ ṣe ìwádìí bóyá ọkọ̀ ńlá yẹn dé etíkun tí ẹ ń ṣe. Búrọ́ọ̀ṣì ni wọ́n sì fi kọ ọ̀pọ̀ nínú wọn, nítorí náà èmi kì í lo èyí tó wà lára bébà tí mo bá lè fọwọ́ kọ ọ́. Tó bá wọ́ díẹ̀, ó dára bẹ́ẹ̀.

Omi, iyọ̀, iyanrìn

Ara ọkọ̀ pín sí mẹ́ta láti òkè dé ìsàlẹ̀: ibi tó wà nínú omi, ibi tí ìgbì ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, àti ibi tí omi ti gbẹ lára rẹ̀. Àárín yẹn ni kí ó ṣú jù, kí ó sì máa dán. Ibi tó ti gbẹ lókè rẹ̀, iyọ̀ á fi àmì funfun pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Mo ń fi ọ̀dà olóròóró funfun tí mo po pẹ̀lú tínà títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ omi ṣe èyí, màá sì fi búrọ́ọ̀ṣì mímọ́ fà á sísàlẹ̀ kí ó tó gbẹ. Kí ìlà náà lọ tààrà sílẹ̀, má ṣe jẹ́ kó dàgẹ̀rẹ̀ bí òjò tí atẹ́gùn ń fẹ́.

Ẹ má fi ewé inú omi sí ìsàlẹ̀ LCVP. Orí ọkọ̀ ńlá ni wọ́n ń gbé e kọ́ sí. Ó lè wà lókè fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kí wọ́n tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sínú òkun. Ewé kò ráyè hù níbẹ̀. LCT tó ń gbé inú omi láti oṣù dé oṣù, òun ló lè ní irùngbọ̀n.

Omi inú ọkọ̀ náà ní ibi tó ń lọ. Ìdí LCVP jìn sínú omi ju iwájú rẹ̀ lọ, nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 3 ní ẹ̀yìn àti 2 àti díẹ̀ ní iwájú. Tí iwájú bá tún gun orí iyanrìn, ẹ̀yìn ni gbogbo omi á ṣàn lọ. Nítorí náà, ẹ da fáníìṣì tó ń dán, tàbí omi àtọwọ́dá tí àwọn oníṣẹ́ yìí ń tà, sí ẹ̀yìn ilẹ̀ ọkọ̀, kí ó máa fúyẹ́ bó ṣe ń bọ̀ níwájú, kí ó wá kù bí ipa bàtà tútù nìkan nítòsí ilẹ̀kùn.

Àwọ̀ iyanrìn ń tẹ̀ lé ìlú. Ti Omaha pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó sún mọ́ àwọ̀ ilẹ̀ tó là. Ti Tarawa, erékùṣù kan ní òkun Pacific, ní oṣù November 1943, funfun ni, torí iyùn òkun tó fọ́ ni. Níbẹ̀ gan-an ni omi ti fà jù lórí àpáta iyùn, tí LCVP kò lè kọjá, tí àwọn ọmọ ogun fi ní láti fẹsẹ̀ rìn nínú omi láti ọ̀nà jíjìn. Ti Iwo Jima, erékùṣù Japan kan, ní February 1945, dúdú ni, eérú òkè ayọnáyèéfín. Ẹ ti mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí ilẹ̀kùn yín: iyanrìn tó wà ní àárín àwọn ọ̀pá rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti etíkun tí ẹ tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ mu. Mo ti rí iyanrìn funfun lára ilẹ̀kùn ọkọ̀ tó dúró sórí ilẹ̀ dúdú. Fún Tarawa, ẹ tún fi abẹ ha ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ní gígùn, bí iyùn ṣe ń ya pákó.

Tí ẹ bá ń ṣe omi òkun sí àyíká rẹ̀, ohun kan tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé ni ẹ̀yìn ọkọ̀. Nígbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí, atukọ̀ kì í pa ẹ́ńjìnnì. Ó ń jẹ́ kí ó máa ti ọkọ̀ síwájú kí ìgbì má bàa yí i ní ìbú. Nítorí náà omi ẹ̀yìn ń hó, ó sì kún fún iyanrìn tí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ń rú sókè. Ẹ po àwọ̀ ilẹ̀ díẹ̀ mọ́ omi yẹn, kí ẹ wá fi òwú tín-ín-rín àti gọ́ọ̀mù ṣe ìfófòó lórí rẹ̀. Omi búlúù tó dákẹ́ lẹ́yìn ọkọ̀ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ kò ṣe é gbà gbọ́.

Èèyàn, tàbí ọkọ̀ òfìfo

Ọmọ ogun 36 ni LCVP lè gbé, yàtọ̀ sí àwọn atukọ̀ mẹ́rin. Tí ẹ bá fẹ́ kó gbogbo wọn sínú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n fún mọ́ra, kí wọ́n tẹ orí wálẹ̀, kí ẹnì kan máa wo bàtà rẹ̀, kí ẹlòmíràn di ejìká ẹni iwájú mú. Gbogbo wọn kò gbọ́dọ̀ máa wo iwájú bí ẹni tó ń ya fọ́tò. Ní Normandy, ọ̀pọ̀ wọn fi ọ̀rá bo ìbọn wọn nítorí omi. Ọ̀rá tín-ín-rín tó máa ń wà lára páálí sìgá dára fún èyí: ẹ gé e, ẹ wé e mọ́ ìbọn, ẹ fi gọ́ọ̀mù funfun tó ṣàn dì í, ẹ jẹ́ kí ó hunjọ.

Èmi fẹ́ràn ọkọ̀ òfìfo jù. Ó ń fi ilẹ̀ ọkọ̀ hàn, gbogbo iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe níbẹ̀ á sì yọ. Akoto kan, okùn kan, ipa bàtà tútù tó lọ tààrà sí ilẹ̀kùn, atukọ̀ kan tó bojú wẹ̀yìn láti wo ibi tó máa gbà padà. Ó tán.

Àsíá ni mo ń fi sí i kẹ́yìn, torí pé ohun gbogbo ló máa ń gbá a dànù tó bá ti wà níbẹ̀. Ẹ kùn ún sórí òjé pẹlẹbẹ tàbí bébà tíṣù, ẹ ká a mọ́ ara rẹ̀ nígbà tó ṣì tutù, kí ẹ tó so ó mọ́ ọ̀pá ìdí ọkọ̀. Ẹ wo ibi tí èéfín àti ìfófòó ìgbì tí ẹ ti ṣe ń fẹ́ lọ. Ibẹ̀ náà ni kí àsíá fẹ́ sí.